Fítámìn Ìrántí Ìyá Má-Kọ-Ọ́

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan tó dà bí àwọn ọjọ́ Ajé yòókù, lọ́yà kan wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ láti wá gba kóòtù tuntun. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ti ń ránṣọ fún un láti ìgbà tó ti wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, torí náà kò sẹ́ni tó tún ń yọ téèpù sí i mọ́. Lọ́yà náà fi apá ọ̀tún bọ kóòtù, ó fi ti òsì bọ̀ ọ́, ó wá dúró níwájú dígí. Apá kóòtù náà kò dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ikùn kóòtù náà sì fẹ̀ débi pé èèyàn méjì lè jọ wọ̀ ọ́.

“Màámi,” lọ́yà náà sọ, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀, “ìwọ̀n bàbá mi lẹ fi gé èyí.”

Oníbàárà ìyá yìí ni bàbá lọ́yà náà nígbà ayé rẹ̀. Èèyàn kúkúrú, alára ńlá ni. Ó ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí lọ́yà má bínú, pé iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́, òun á gé òmíràn. Lọ́yà náà ní kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ìyá náà, tó yà kí i kó tó lọ síbi iṣẹ́, rí ojú ìyá rẹ̀ nínú dígí. Ẹ̀rín wà lẹ́nu, kò sí lójú. Ẹ̀rù ba ọmọ náà.

Ní àdúgbò yẹn, bí èèyàn bá béèrè orúkọ tí wọ́n sọ ìyá yìí, ó ṣeé ṣe kó má rẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ìyá Má-Kọ-Ọ́ ni tèwe tàgbà ń pè é. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti ń ránṣọ láìkọ ìwọ̀n ẹnikẹ́ni sínú ìwé. Àyà, ìbàdí, gígùn apá, gígùn ẹsẹ̀, ti igba èèyàn ó lé, orí rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí oníbàárà tuntun bá fẹ́ yọ bírò, á ní, “Má kọ ọ́. Ìwé a máa sọnù, orí mi kì í sọnù.” Àwọn aránṣọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní máṣíìnì tó dára ju tirẹ̀ lọ, àwọn mìíràn sì mọ àrà dá jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní irú orí yẹn nínú wọn. Òun ló fi ń jẹun, òun náà ló fi ń yangàn. Bí orí yẹn bá lọ, kì í ṣe ìwọ̀n kóòtù nìkan ló máa bá a lọ.

Ọmọbìnrin rẹ̀ mọ èyí dáadáa. Olùkọ́ ìṣirò ni, inú ilé kan náà sì ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Tíṣà ni ìyá rẹ̀ ń pè é. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ mẹkáníìkì, ń pè é ní Àǹtí Tíṣà. Kó tó dé ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ti pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù.

“Màámi fi ìwọ̀n òkú gé kóòtù fún alààyè.”

“Ẹ̀n-ẹ́n? Màámi tiwa?” mẹkáníìkì ní. “Àǹtí Tíṣà, ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Ọdún kọkànlá rèé tí wọ́n ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ. Àtúnrà là ń rà ṣáá, a ò padà sọ́dọ̀ dókítà tó kọ ọ́ láti bí ọdún mẹ́ta. Wọ́n sì ń ráhùn ẹsẹ̀.”

“Kí ló kan ẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọpọlọ? Ọjọ́ orí ló wà lẹ́sẹ̀ wọn.”

“Mọ́tò tó ń rìn dáadáa gan-an, a máa ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wò.”

“Màámi kì í ṣe mọ́tò, jọ̀ọ́.”

“Mo mọ̀. Mọ́tò kì í bá èèyàn jiyàn.”

Lóòótọ́ ni ìyá náà ń ráhùn ẹsẹ̀. Ó ní ó ń ṣe òun bíi pé òun wọ ìbọ̀sẹ̀ nígbà tí òun ò wọ nǹkan kan, pé nígbà míì èèrà á máa rìn ní àtẹ́lẹsẹ̀ òun, bí òun bá sì wò ó, òun ò ní rí èèrà kankan. Wọ́n ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, bí ẹsẹ̀ ò bá dùn ún, kí ló fẹ́ dùn ún? Ìyá náà fúnra rẹ̀ ò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ ilé ìwòsàn. Ó ní ẹni tó bá wá àrùn lọ síbẹ̀, á rí i. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ṣe tán.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, obìnrin kan wá sí yàrá àwọn olùkọ́ ní àkókò ìsinmi. Kóòtù funfun ló wọ̀ bíi ti nọ́ọ̀sì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé nọ́ọ̀sì lòun, kò sì sẹ́ni tó bi í. Ó gbé ọpọlọ oníke kan sórí tábìlì láàárín ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó là á sí méjì, gbogbo olùkọ́ sì sún mọ́ tòsí. Láti ọjọ́ náà ni Tíṣà ti ń pè é ní Oníkóòtù.

“Ẹ̀yin olùkọ́ mi, ọpọlọ náà ń jẹun. Tébi bá ti ń pa á, ìgbàgbé dé nìyẹn.” Ó gbé ike kan jáde, kóró aláwọ̀ ìyeyè ló kún inú rẹ̀. “Fítámìn ìrántí rèé. Kì í ṣe oògùn o, oúnjẹ ọpọlọ ni. Kò nílò dókítà, kò nílò àyẹ̀wò. Ẹ ṣáà máa fún wọn ní méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́.”

“Ṣé wọ́n ti dán an wò?” Tíṣà bi í.

“Ẹ gbọ́ ẹ̀rí.” Oníkóòtù tẹ fóònù rẹ̀. Ohùn ọkùnrin kan jáde, ó ní bàbá òun ti padà ń rántí orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ti obìnrin kan tẹ̀ lé e, ó ń dúpẹ́, ó ń sunkún. “Ṣé gbogbo àwọn yìí á wá máa purọ́ ni?”

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dúpẹ́ lè má mọ ohun tó wo òun sàn, ẹni tí nǹkan náà kò sì ṣe láǹfààní kì í fi ohùn ránṣẹ́. Kò sí olùkọ́ kan tó sọ èyí nínú yàrá náà, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì méjì sì wà níbẹ̀. Nígbà tí agogo fi máa lù, Tíṣà ti ra ike mẹ́ta.

Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó pinnu pé òun ò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́, òun á wọ̀n ọ́n. Ètò tó ṣe ni pé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bó bá ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀, á yà sí ṣọ́ọ̀bù, á fi téèpù wọn aṣọ mẹ́wàá tí wọ́n ti rán tán tí wọ́n gbé kọ́, á sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, á bi ìyá rẹ̀ ní ìwọ̀n wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láìjẹ́ kó wo ibi tí aṣọ wà. Èyí tó bá gbà, á fún un ní máàkì kan.

“Ìdánwò kẹ̀?” ìyá rẹ̀ ní. “Èmi tí mo bí ọ, tí mo pọ̀n ọ́?”

“Ẹ má bínú, màámi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá fítámìn yẹn ń ṣiṣẹ́ ni.”

“Tí mo bá wá fìdí rẹmi ńkọ́? Ṣé wàá ní kí n tún kíláàsì kà?”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ìyá náà gba mẹ́rin nínú mẹ́wàá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tíṣà ní kò burú, pé ìbẹ̀rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ṣú. Ìyá rẹ̀ rí ojú náà.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó gba mẹ́fà. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ó gba mẹ́jọ. Kó tó di pé oṣù kejì parí, mẹ́sàn-án ni. Tíṣà ya ìlà kan tó ń gòkè sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, gbogbo ẹni tó bá sì wá mu omi nínú ilé ló ń fi hàn. Lákòókò kan náà, ìyá náà gbàgbé kẹ́tùrù sórí iná títí ìdí rẹ̀ fi yọ́. Ó bi Tíṣà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan bóyá ó ti jẹun, ó tún bi í, ó tún bi í. Ìwé ń sọ pé ó ń sàn, kẹ́tùrù ń sọ pé kò sàn. Ìwé ni Tíṣà gbà gbọ́.

Ọkàn mẹkáníìkì kò balẹ̀. Ní oṣù kẹrin, ó fi ọgbọ́n gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò kékeré kan nítòsí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n gún un ní ìka, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó, ṣúgà rẹ̀ náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga. Nígbà tó mú èsì náà délé, Tíṣà ní, “Ṣé o rí i báyìí?” Ẹnu mẹkáníìkì wọlé. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ló ti ṣe yẹn.

Ẹ̀yìn èyí ni Oníkóòtù bẹ Tíṣà pé kó fi ohùn ránṣẹ́. Tíṣà jókòó sínú yàrá rẹ̀, ó sọ ọ́ geere bíi pé iwájú kíláàsì ló wà: “Olùkọ́ ìṣirò ni mí, èmi kì í gba ọ̀rọ̀ lásán gbọ́. Mo wọ̀n ọ́n. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni ìyá mi ń gbà tẹ́lẹ̀, mẹ́sàn-án ló ń gbà báyìí. Nọ́ńbà kì í purọ́.” Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, a kì í sì í rí i kó jọ mọ́. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ kan, ohùn náà ti wọ ìlú tí Tíṣà kò dé rí. Oníbàárà kan tilẹ̀ gbé fóònù wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní, “Ìyá Má-Kọ-Ọ́, ẹ wá gbọ́ ọmọ yín o!”

Ìyá náà tẹ́tí sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orí rẹ̀ wà lórí aṣọ tó ń rán. “Ohùn ẹ̀ dùn,” ló sọ, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Oṣù kẹfà ni ọ̀ràn náà fi ojú hàn. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni. Ìyá náà ń rán ọrùn ẹ̀wù kan lórí máṣíìnì oníná rẹ̀. Ó fẹ́ tún aṣọ náà tò lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó sì dá a lójú pé òun ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀sẹ̀. Kò gbé e. Máṣíìnì náà ta, abẹ́rẹ́ sì gba èékánná ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ kọjá sí òdì kejì. Onígbàjámọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló gbọ́ igbe, òun ló pa iná máṣíìnì náà, òun náà ló gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá. Nígbà tí àwọn ọmọ méjèèjì fi máa dé, wọ́n ti yọ abẹ́rẹ́, wọ́n ti di ìka náà, ìyá náà sì jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ búlúù lọ́rùn.

Dókítà tó wà níbẹ̀, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ò jẹ́ kí wọ́n máa lọ.

“Màámi, báwo lẹ ò ṣe mọ̀ pé ẹsẹ̀ yín ṣì wà lórí ìtẹ̀sẹ̀?”

“Dókítà, ẹsẹ̀ mi ò mọ ibi tó wà mọ́ láti bí ọdún kan.”

Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí èèyàn ṣe ń sọ ohun tó ti sọ nílé títí tó sú u. Mẹkáníìkì wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ilẹ̀.

Dókítà bọ́ bàtà ìyá náà. Ó gbá irin kan tó lẹ́ka méjì mọ́ ọwọ́, irin náà ń gbọ̀n, ó sì gbé ìdí rẹ̀ lé orí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ìyá náà.

“Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n bó ṣe ń gbọ̀n?”

“Kí ló ń gbọ̀n?”

Ó gbé e lé ọrùn ẹsẹ̀, ìyá náà mi orí. Ìgbà tó gbé e dé orúnkún ni ìyá náà tó ní, “Ẹ̀n-ẹ́n, ó dé.” Dókítà ní kó dìde, kó pa ẹsẹ̀ pọ̀, kó sì dijú. Kò tíì dijú tán tó fi ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Mẹkáníìkì ló sáré dì í mú.

Lẹ́yìn náà, dókítà sọ nǹkan mẹ́ta fún un pé kó fi sọ́kàn: àga, ọsàn, kọ́kọ́rọ́. Ó bi í ní ìbéèrè nípa oúnjẹ àti oorun fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó wá ní kó dárúkọ wọn.

“Ọsàn,” ìyá náà sọ. Ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì dára bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìṣẹ́tí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. “Ọsàn ni mo mú.”

“Kò lè rí bẹ́ẹ̀, dókítà!” Tíṣà ti dìde. “Mẹ́sàn-án ni wọ́n ń gbà nínú mẹ́wàá. Mo ní àkọsílẹ̀ ẹ̀.”

“Tíṣà, jókòó,” ìyá rẹ̀ ní. Ó ṣẹ́ ìṣẹ́tí aṣọ náà sókè, ó yí inú rẹ̀ síta. Nọ́ńbà ló wà níbẹ̀, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán sára aṣọ, wínníwínní, ìlà lẹ́yìn ìlà, oníbàárà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ òwú tirẹ̀. Ìwọ̀n àwọn aṣọ ti ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá ni. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí Tíṣà tó ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ìyá náà á ti wọn gbogbo aṣọ tó wà níkọ̀ọ́, á rán an síbẹ̀. Bí ọjọ́ Ẹtì mìíràn bá sì dé, á kọ́kọ́ tú òwú ti tẹ́lẹ̀ kúrò kó lè ráyè rán tuntun. Ẹni tí kò kọ ìwọ̀n sílẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ti ń fi òwú kọ ọ́ fún oṣù mẹ́fà. Bí Tíṣà bá bojú wo ìwé rẹ̀ nígbà ìdánwò, ìyá náà á yọ́ ṣẹ́ ìṣẹ́tí náà, á fi ìka tọ ìlà rẹ̀. Ìka náà a máa yẹ ìlà kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí kò fi gba mẹ́wàá rí.

“Lọ́jọ́ tí mo gba mẹ́rin, mo rí ojú ẹ,” ìyá náà sọ. “Mi ò fẹ́ tún rí irú ojú yẹn mọ́. Mo ní tó bá yá, orí mi á padà, màá sì jáwọ́. Ìgbà tó yá ni wọ́n gbé ohùn ẹ dé ṣọ́ọ̀bù. Kí ni mo fẹ́ wá sọ? Ṣé kí n ní ọmọ mi purọ́ fún gbogbo ayé?”

Mẹkáníìkì kọjú sí ògiri. Tíṣà jókòó. Ojú tì í, àánú ìyá rẹ̀ sì ṣe é. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ìdánwò tí ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é kì í ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìdáhùn wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, níkọ̀ọ́, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Dókítà ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo oògùn tí ìyá náà ń lò jáde. Tíṣà yọ oògùn àtọ̀gbẹ nínú báàgì ìyá rẹ̀, ó sì yọ ike aláwọ̀ ìyeyè náà. Dókítà yí ike náà, ó ka ara rẹ̀.

“Fólíkì ásíìdì inú ẹ̀ pọ̀ gan-an. Mi ò rí fítámìn B12 níbẹ̀ rárá.”

“Ṣé kì í ṣe fítámìn náà ni?” Tíṣà béèrè.

“Fítámìn ni. Ṣùgbọ́n fítámìn pọ̀ lóríṣiríṣi, ọ̀kan ò lè ṣe iṣẹ́ èkejì. Oògùn àtọ̀gbẹ tí màámi ń lò yìí dára, ẹ má lọ sọ pé mo ní kí wọ́n pa á tì o. Àmọ́ téèyàn bá lò ó fún ọdún gbọọrọ, ó lè má jẹ́ kí ara rí B12 inú oúnjẹ gbà dáadáa. B12 yìí ló ń tọ́jú àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ẹsẹ̀ lọ sọ́pọlọ. Tó bá dín kù jù, ẹsẹ̀ á máa kú tipiri, ìrìn á dàrú, ìrántí náà á máa lọ. Mo fura pé ohun tó ń ṣe wọ́n nìyẹn. Àyẹ̀wò ló máa sọ.”

“Ṣùgbọ́n wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lóṣù méjì sẹ́yìn,” mẹkáníìkì sọ. “Wọ́n ní ó tó.”

“Ibẹ̀ gan-an ni ewu kóró yìí wà. Tí B12 bá dín, ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń dín pẹ̀lú ẹ̀, ìyẹn ló sì máa ń ta àwa oníṣègùn lólobó. Fólíkì á tún ẹ̀jẹ̀ ṣe, kò ní tún iṣan ṣe. Ẹ̀jẹ̀ á tó, iṣan á sì máa bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀.”

“Bíi kéèyàn já wáyà iná pupa tó ń kìlọ̀ nínú mọ́tò,” mẹkáníìkì ní, “kó wá ní ẹ́ńjìnnì ti dára.”

“Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.”

Tíṣà mí kanlẹ̀. “Ṣé fítámìn ò wúlò fún ọpọlọ rárá nìyẹn?”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣaláìní ín, tí àyẹ̀wò sì fi hàn, fítámìn náà lè gbà á là. Ẹni tí kò ṣaláìní, ẹnu àwọn olùwádìí ò tíì kò lórí ẹ̀. Àwọn kan rí àǹfààní díẹ̀ lára àwọn àgbàlagbà tó ń lò ó, àwọn míì ò rí nǹkan kan. Kò sí kóró kan tí a mọ̀ tó ń dá àrùn ìgbàgbé dúró. Kì í sì í ṣe àìní fítámìn nìkan ló ń fa ìgbàgbé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń fà á, àìsùn ń fà á, ìrònú, etí tí kò gbọ́ràn mọ́, oògùn míì téèyàn ń lò. Bá a bá gbé kóró kan ṣoṣo fún gbogbo wọn, a ń ta ọfà sínú òkùnkùn nìyẹn.”

Èsì àyẹ̀wò jáde lẹ́yìn ọjọ́ méjì. B12 ìyá náà ti lọ sílẹ̀ gidigidi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lábẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì-kejì, lẹ́yìn náà, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún wọn. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ìrántí náà padà dáadáa, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí fún ẹsẹ̀. “Ká ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn lẹ gbé wọn wá ni,” ló sọ, kò sì parí rẹ̀.

Bó ṣe sọ ọ́ náà ló rí. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ìyá náà kò tún ìbéèrè béèrè mọ́, ó sì ń rántí ìwọ̀n púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà rẹ̀, bí kò tilẹ̀ jẹ́ gbogbo wọn. Ẹsẹ̀ kò padà. Ó ń fi ọ̀pá rìn, kò sì lè tẹ máṣíìnì mọ́ láé. Aránṣọ mìíràn ló ń jókòó nídìí máṣíìnì náà báyìí, ìyá náà a máa gé aṣọ fún un lórí tábìlì. Bí àwọn èèyàn bá bi í bóyá àárò iṣẹ́ rírán kì í ṣe é, á ní ó ń ṣe òun lójoojúmọ́.

Tíṣà yọ ìwé ara fíríìjì náà lọ́jọ́ tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé. Ẹ̀yìn náà ló wá kan ohùn. Etí tó gbọ́ àlọ, ó yẹ kó gbọ́ àbọ̀. Ó sọ òmíràn, ó ṣàlàyé ìdánwò tó bàjẹ́, B12 àti fólíkì, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí òun sọ tẹ́lẹ̀. Kò tó wákàtí kan tí Oníkóòtù fi yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ orí fóònù tó kó àwọn oníbàárà rẹ̀ jọ sí, tó sì pa ohùn kejì náà rẹ́ níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ṣì ń rìn. Ìròyìn ayọ̀ lẹ́sẹ̀ ju àtúnṣe lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nọ́ńbà tí Tíṣà kò mọ̀ pè é. Ohùn ọkùnrin ni.

“Ẹ káalẹ́ o, mà. Ṣé ẹ̀yin ni tíṣà tí ìyá yín gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá?”

“Èmi ni.”

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohùn yín ló fi wá lọ́kàn balẹ̀. A ti fẹ́ gbé bàbá wa lọ sílé ìwòsàn tẹ́lẹ̀, ìgbà tá a gbọ́ yín la ní ká dá a dúró. Wọ́n ti lo fítámìn yẹn fún oṣù mẹ́rin. Ohun tá a fẹ́ béèrè ni pé wọn ò lè dá dìde nílẹ̀ mọ́. Ṣé ká fi kún un ni?”

Tíṣà di fóònù náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kún un. Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ní àárọ̀ ọ̀la, ẹ má jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mú ike yẹn dání, ẹ mú gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání. Ẹ ní kí wọ́n yẹ B12 wò. Mẹ́sàn-án yẹn kì í ṣe òótọ́. Mi ò mọ̀ nígbà tí mo sọ ọ́, àmọ́ èmi ni mo sọ ọ́.”

“Oṣù mẹ́rin,” ọkùnrin náà sọ. “Ta ló máa dá oṣù mẹ́rin padà fún bàbá mi?”

Tíṣà bẹ̀ ẹ́ títí, ọkùnrin náà sì pa fóònù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, kò sí ilé tí kò ní àgbàlagbà. Bí ẹni yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé, ẹ má kọ́kọ́ wá kóró, ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò ni kẹ́ ẹ wá. Bó bá ní ẹsẹ̀ ń kú, tàbí pé ìrìn ń dàrú, ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Ẹ kó gbogbo ohun tó ń mu lọ́wọ́ lọ bá dókítà, títí kan èyí tí wọ́n pè ní oúnjẹ lásán, pàápàá bó bá jẹ́ pé ó ti pẹ́ tó ti ń lo oògùn kan láìsí dókítà tó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má sì dá oògùn tí dókítà kọ dúró fúnra yín. Bí ẹnì kan bá wá bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fi ohùn jẹ́rìí fún oògùn kan, ẹ ronú dáadáa kẹ́ ẹ tó la ẹnu, torí ẹ ò ní mọ iye ilé tí ohùn náà máa wọ̀, ẹ ò sì ní mọ ẹni tó dùbúlẹ̀ sínú wọn.